Iyọ̀ Ẹnu Àwẹ̀ró ní Ilé Ààjà

Ọyẹ́ ti gba gbogbo abúlé Òkè-Ẹtu kan lọ́jọ́ tí ìtàn yìí jáde. Ètè ọmọdé là, gìgísẹ̀ àgbà sán, afẹ́fẹ́ gbẹ bí ọ̀fun ẹni tí ń parọ́ níwájú àna. Àwọn ọdẹ jókòó sábẹ́ àtíbàbà wọn, wọ́n ń fi epo nu ìbọn, àwọn aládùúgbò sì ti wá yáná díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Oòrùn ìyálẹ̀ta gba ihò kan wọlé lókè òrùlé. Ìtànṣán rẹ̀ gùn wá sílẹ̀ bí ọ̀pá wúrà, eruku wẹ́wẹ́ sì ń jó nínú rẹ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan kò fara kan èkejì.

Baba Ọdẹ́rìndé, àgbà ọdẹ tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù, tẹjú mọ́ eruku yẹn títí ìbọn fi fẹ́ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Baba, ṣé kò sí?" Bánjọ ló béèrè. Ọdẹ ni Bánjọ náà o, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ń pa ẹran ju ìbọn rẹ̀ lọ.

"Kí ni ìbá sí? Ìyàwó mi ni mo rí."

Ẹ̀rín sọ. Gbogbo wọn mọ̀ pé Ìyá Àwẹ̀ró, ìyàwó Baba, wà nínú ilé tó ń se ọbẹ̀. Òórùn ọbẹ̀ náà ti ń bá wọn jókòó láti àárọ̀.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," Baba ní. "Ẹni tí kò tíì rí olólùfẹ́ rẹ̀ kó kéré tó eruku, kó sì tún fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, ó kù nǹkan tí ojú rẹ̀ kò rí. Ẹ gbé ìbọn sílẹ̀, kí ẹ sún mọ́ mi. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ọ̀yà máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú oko."

Bó ti sọ ọ́ nìyí.

Nígbà tí Ọdẹ́rìndé wà lọ́dọ̀ọ́, tí ara rẹ̀ ń dán bí ewé kókò lẹ́yìn òjò, ó fẹ́ràn ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Bí Àwẹ̀ró bá rẹ́rìn-ín, ẹni tí ebi ń pa a gbàgbé pé òun kò tíì jẹun. Síbẹ̀ kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ló mú ọdẹ yìí mọ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni. Ìgbàkígbà tí Ọdẹ́rìndé bá ti igbó dé, ọmọbìnrin náà a di imú, a ní, "Ta ló ń rùn bí ẹtu báyìí o? Ṣé ọkọ mi ni, àbí ẹran tó pa?" Ọdẹ́rìndé a lọ fi kànìnkànìn bó ara rẹ̀ bí ẹni ń bó iṣu, àmọ́ inú rẹ̀ a máa dùn. Gbogbo ayé ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Àwẹ̀ró nìkan ló ń gbóòórùn rẹ̀.

Àṣà kan wà ní ìdílé wọn. Bí wọ́n bá ń ṣe ìdána, kì í ṣe àgbà ilé ló ń fi iyọ̀ tọ́ ìyàwó lẹ́nu, ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ni. Yóò fi ìka mú iyọ̀, yóò gbé e lé ahọ́n ọmọbìnrin náà, yóò sì ní, "Bí èyí ti dùn, bẹ́ẹ̀ ni kí ayé wa dùn." Ọmọbìnrin náà kò sì gbọdọ̀ mu omi tàbí kó fi omi yọ ẹnu títí wọn yóò fi mú un wọlé ọkọ. Lọ́jọ́ tí Ọdẹ́rìndé gbé iyọ̀ lé Àwẹ̀ró láhọ́n, ọmọ náà pa ojú dé, ó sì sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ọdẹ, n kò ní yọ ẹnu yìí láéláé."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Àwẹ̀ró ń sá ẹ̀gẹ́ lórí àpáta nígbà tí ààjà dé, ìjì apòyì tí ń gbé ènìyàn lọ. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì. Gèlè rẹ̀ ló já bọ́ sórí ẹ̀gẹ́, òun kò sí mọ́.

Àwọn àgbà ní kí wọ́n dúró. Wọ́n ní ààjà a máa dá ènìyàn padà. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé mọ̀ pé kì í dá gbogbo wọn padà. Ó gbé ìbọn, ó so àpò ọdẹ mọ́ ìbàdí, ó ní, "Ìfẹ́ ẹlòmíràn lè jókòó. Tèmi ti dìde."

Bó ti rìn kò kan ẹnikẹ́ni. Igbó ṣí, ó wọ̀ ọ́; igbó pa dé, kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí ewé di funfun tí ẹyẹ kò sì dún mọ́, ó bá ẹ̀dá kan lórí òkìtì ọ̀gán, ẹ̀dá tí kò lójú rárá, tó ní ẹnu níwájú, tó tún ní ẹnu lẹ́yìn. Ẹnu iwájú ló ń pa àlọ́. Ẹnu ẹ̀yìn ló ń jẹ ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n.

"Dúró ná, Baba," Bánjọ dá ọ̀rọ̀ náà dúró. "Ẹni tó ní ẹnu lẹ́yìn, báwo ló ṣe ń jókòó?"

"Bí ìwọ náà ti ń jókòó ni, tó o sì ń fi ibẹ̀ sọ̀rọ̀."

Àtíbàbà fẹ́ẹ́ ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Baba dúró kí wọ́n rín in tán, ó wá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹnu iwájú ní, "Ààlọ́ o!"

Ọdẹ́rìndé ní, "Ààlọ̀!"

"Kí ni ó wọ odò tí kò jáde mọ́? Ojú kò rí i, ọwọ́ kò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo odò ń ròyìn rẹ̀."

"Iyọ̀ ni! Àbí àlọ́ ọmọdé lo fi ń dẹ́rù ba ọkùnrin?"

Ẹnu ẹ̀yìn pòṣé, ó ní, "Ebi tún di tèmi lónìí." Ṣùgbọ́n ẹnu iwájú rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọdẹ, ẹnu rẹ ti dáhùn. Ó ku ojú rẹ." Ọdẹ́rìndé kò fi ọ̀rọ̀ náà pe nǹkan. Ó kọjá, ó ń súfèé.

Ibi tó dé ni Ilé Ààjà. Ibẹ̀ mọ́ bí àárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì jí. Ìwo ẹfọ̀n ńlá kan ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, inú ìwo náà sì gbóná bí ìléru alágbẹ̀dẹ. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, inú ìwo ni yóò gbà, afẹ́fẹ́ yóò sì fọn ọ́n jáde lódìkejì bí ìmọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọdẹ́rìndé wọ inú ìwo. Ooru bò ó, ó rí i bí gbogbo wíwúwo ayé ti ń ṣí kúrò lára rẹ̀, nígbà tó sì jáde, òun àti àpò rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀ kò ju tanátaná lọ. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló kéré, nítorí náà kò sí ẹni tó mọ̀ pé òun kéré.

Ó wá rí pàkúté náà. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ gbọ́, ẹ ò tíì rí pàkúté! Igbá idẹ ńlá méjì dojú kọ ara wọn, òrùka idẹ kan wà láàrin wọn, ìjì sì wà nínú wọn tí kì í sinmi. Bí ìjì náà bá ti ènìyàn lọ, kó tó kan ògiri, yóò ti fà á bọ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Àwọn tí ààjà gbé wá láti gbogbo ayé ń léfòó nínú rẹ̀, wọ́n ń tàn, bí eruku inú oòrùn.

Ìyá arúgbó kan ló ń tọ́jú rẹ̀, iwin ni. Etí-Kókò ni wọ́n ń pè é, torí etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ó bò ó dé èjìká. Okùn ìjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ń fà á díẹ̀díẹ̀, ìjì á máa le sí i. Ẹni tó fúyẹ́ ni yóò kọ́kọ́ fò jáde, ẹni tó wúwo yóò gbẹ̀yìn. Bí wọ́n ti ń jáde ni wọ́n ń já lé àwo idẹ kan, àwo á dún tín-ín. Àsìkò tí àwo bá dún ni Etí-Kókò fi ń mọ bí ènìyàn ti wúwo tó. Gbogbo ọmọ tí a bí sáyé ló sì ti gba ibẹ̀ kọjá rí, kò sì gbàgbé ìgbà tí àwo dún fún ẹnì kankan. Bí àwo bá dún fún ọ lásìkò tìrẹ, ààjà á gbé ọ padà sílé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Etí-Kókò á ní nǹkan mìíràn ló gbé awọ rẹ wọ̀, wàá dúró. Bí ọyẹ́ bá sì parí, ilẹ̀kùn á tì, wàá di eruku títí ayé.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o," Ọdẹ́rìndé ní. "Ìyàwó mi ni mo wá mú."

"Gbogbo yín lẹ ń wá mú ìyàwó." Kò tilẹ̀ wò ó. "Èyí tí gèlè rẹ̀ já sórí ẹ̀gẹ́ yẹn, àbí? Ó ti gba orí àwo kọjá títí. Ó ń pẹ́ jáde. Ó wúwo ju ara rẹ̀ lọ. Kì í ṣe òun."

Ìmọ́lẹ̀ kan sún mọ́ etí òrùka. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn. "Ta ló ń rùn bí ẹtu báyìí o?"

Ọkàn Ọdẹ́rìndé fò sókè. "Ìyá, òun ni! Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀!"

"Àwo ni mo ń gbọ́," Etí-Kókò ní. "N kì í gbọ́ ẹnu."

Ọdẹ́rìndé wá ṣe ohun tí gbogbo ọmọ Òkè-Ẹtu máa ń ṣe bí pàkúté bá ṣìṣe. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wọn pé bí pàkúté kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, kí wọ́n fún okùn rẹ̀ le. "Ẹ fún mi lókùn yẹn, Ìyá. Ẹni tó bí mi ló kọ́ gbogbo abúlé wa ní pàkúté dídẹ." Kí ìyá tó sọ̀rọ̀, ó ti já okùn gbà, ó fà á tagbára-tagbára. Háà! Ìjì bú ramúramù. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tú jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwo idẹ ké bí ẹni tí àgbọ́n ta, Àwẹ̀ró sì fẹ́ẹ́ fi orí sọ ògiri kí ìjì tó fà á bọ̀.

"Ṣé ẹran lo fẹ́ pa ni?" Etí-Kókò gba okùn rẹ̀ padà. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òpònú ọmọ ènìyàn."

Ọdẹ́rìndé jókòó, ó ń sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí omijé ti ń bọ́ ló ń wo inú pàkúté, ó sì rí i pé àwọn ìmọ́lẹ̀ náà ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ọyẹ́ ń lọ sópin, Etí-Kókò ń kánjú, ó ń da gbogbo wọn sínú rẹ̀ pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ kò sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀ nítòsí. Wọ́n ń tira wọn bí orogún méjì nídìí ààrò kan. Nítorí náà òmíràn ń yá jáde, òmíràn ń pẹ́, ohùn àwo ń dàrú mọ́ra wọn.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọlé níwọ̀nba."

"Èrò ń bẹ lẹ́yìn, ṣé o kò rí i ni?"

"Bí ọbẹ̀ bá kún ìkòkò, ìyá mi, iná ló ń mu ún."

Etí-Kókò wò ó, ó ṣíwọ́. Ó kó àwọn èrò jáde, ó ń dá wọn padà sínú pàkúté níwọ̀nba níwọ̀nba. Ohùn àwo sì mọ́ gaara. Tín-ín! Òun nìyí, ẹ gbé e lọ sílé. Tín-ín! Òun náà nìyí. Àwọn tó ti ń sunkún bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, ààjà ń gbé wọn lọ, wọ́n ń súre fún ọdẹ náà títí ojú kò fi rí wọn mọ́. Ọdẹ́rìndé ń yan bí akọ àdàbà. Ó kan Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró pẹ́ jáde.

Wọ́n tún un ṣe. Ó tún pẹ́, ojú ibi kan náà gan-an. Wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú òun nìkan nínú pàkúté. Ibì kan náà.

Etí-Kókò fi okùn sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ọmọ mi, tẹ́lẹ̀ mo kàn ń fura ni. O ti wá tún pàkúté ṣe fún mi, ó ti wá dá mi lójú. Kì í ṣe òun."

Ẹ wo ọ̀ràn! Ọwọ́ tó fi tú àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀ ló fi de tirẹ̀. Lókè, ọyẹ́ ti ń fẹ́ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀; ẹ̀bá ilẹ̀kùn ìwo ti ń tutù. Ọdẹ́rìndé pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí bi ara rẹ̀ léèrè: bí kì í bá ṣe òun lóòótọ́ ńkọ́? Ó wo ìmọ́lẹ̀ tí ń léfòó nínú òrùka idẹ, ó dá wà, ó rẹwà, ó jìnnà. Ó wá rántí ọ̀rọ̀ kan tí baba rẹ̀ máa ń sọ nínú igbó: "Pàkúté tó bá ń ṣìnà lónìí síhìn-ín, lọ́la sọ́hùn-ún, okùn rẹ̀ ni kó o wò. Èyí tó bá ń ṣìnà síbì kan náà lójoojúmọ́, fi okùn sílẹ̀, lọ wo ẹsẹ̀ ẹran."

"Ìyá, ẹ wọn èmi náà."

Ó gbé àpò àti ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ inú ìjì, ìjì gbé e bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n, ó jáde, àwo dún. Etí-Kókò mi orí: "Ìwọ ni. O kò fi irun kan yàtọ̀."

"A jẹ́ pé ara pàkúté dá. Ara ìyàwó mi ni nǹkan wà." Ó sún mọ́ etí òrùka. "Àwẹ̀ró, kí lo gbé dání?"

"Kí ni n bá gbé? Ààjà kò jẹ́ kí n mú gèlè pàápàá. Òǹgbẹ ń gbẹ mí ṣá. Wọ́n gbé ìrì fún mi níbí, n kò mu. Ṣebí mo ṣèlérí fún ọ pé n kò ní yọ ẹnu mi."

Ojú Ọdẹ́rìndé là. Ó ku díẹ̀ kó fi ìbọn lu ara rẹ̀ lórí. Ohun tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò tẹ̀, tí gbogbo odò ń ròyìn rẹ̀! Ó ki ọwọ́ bọ àpò ọdẹ, ó mú díẹ̀ nínú iyọ̀ tó fi ń pa ẹran mọ́, ó fi sẹ́nu, ó sì tún bẹ́ sínú ìjì. Nígbà tó jáde, ó pẹ́. Bí Àwẹ̀ró ti pẹ́ sí ìgbà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà gẹ́lẹ́ ni òun pẹ́ sí ìgbà tòun.

Etí Etí-Kókò dìde méjèèjì, ó nà ró bí agboòrùn. "Kí lo jẹ?"

"Iyọ̀ ni, Ìyá."

"Kí ni ń jẹ́ iyọ̀?"

Wọn kì í jẹ ẹ́ ní Ilé Ààjà, wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ọdẹ́rìndé fi díẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ìyá tọ́ ọ wò, ó pa ojú dé, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń rántí ẹnì kan," ó ní. "Abájọ tó fi wúwo." Ó nu ẹnu. "Mo gbà pé òun ni. Ṣùgbọ́n ààjà kì í gbé ẹni tí àwo kò bá dún fún lásìkò. Àfi kó mu ìrì, kí iyọ̀ lọ. Ọmọ mi, ìwọ lo fi ọ̀rọ̀ sí iyọ̀ náà. Bó bá ń lọ, ọ̀rọ̀ náà á bá a lọ, àti ìwọ tó sọ ọ́."

"N kò mu," Àwẹ̀ró ní kíá.

"Àwẹ̀ró."

"Mo ní n kò mu! Kí n dé ilé kí n máa wò ọ́ bí àlejò? Ó sàn kí n di eruku tó mọ̀ ọ́."

"Àwẹ̀ró mi, eruku kì í di imú. Ta ni yóò máa sọ fún mi pé mò ń rùn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. "Bí mo bá gbàgbé ńkọ́?"

"Èmi á máa rántí fún àwa méjèèjì."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ pé o kò ní wẹ̀ kó o tó wá bá mi."

"N kò ní wẹ̀."

Ó mu ìrì náà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí omi orí àpáta. Etí-Kókò fa okùn, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, àwo idẹ sì dún lásìkò, ohùn rẹ̀ dùn débi pé iwin arúgbó náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ààjà gbé àwọn méjèèjì.

Àárín ẹ̀gẹ́ ni wọ́n bá ara wọn. Àwẹ̀ró mú gèlè rẹ̀, ó gbọn ọ́n, ó wo ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú ọdẹ o, ẹ̀gbọ́n. Ta lẹ ń wá?"

Ọdẹ́rìndé ti gbọ́ igbe ẹkùn. Kò sí èyí tó dùn ún tó ìkúnlẹ̀ yẹn.

Baba ọmọbìnrin náà ní ìdána ti kọjá, kó mú ìyàwó rẹ̀. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, ó ní rárá, kí wọ́n jẹ́ kí Àwẹ̀ró wo òun ná. Ìyá ọmọ náà nìkan ló yé, ó ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Láti ìgbà yẹn, bí Ọdẹ́rìndé bá ti igbó bọ̀, iwájú ilé wọn ló ń gbà, bó ti rí ló ń kọjá, pẹ̀lú òógùn, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ẹran lápá. Yóò kí wọn, yóò lọ. Ọyẹ́ tán, òjò dé, àgbàdo yọmọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Àwẹ̀ró ń gbá iwájú ilé. Ọdẹ́rìndé kọjá. Ọmọbìnrin náà dúró, ó fi ọwọ́ di imú.

"Ẹ̀gbọ́n ọdẹ, ẹ má bínú o. Ẹ ń rùn bí ẹtu."

Ọdẹ́rìndé jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Àwẹ̀ró sá wá bá a, ó rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, ó ní kí ló dé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àwẹ̀ró kò gba ọ̀kan gbọ́. Ṣùgbọ́n ó tẹ́tí títí ilẹ̀ fi ń ṣú, nígbà tó sì parí, ó ki ọwọ́ bọ àpò ọdẹ náà, ó mú iyọ̀, ahọ́n ọdẹ ló sì gbé e lé.

"Lọ́tẹ̀ yìí èmi ni mo fi í sí ọ lẹ́nu," ó ní. "Bí ààjà bá tún dé, ìwọ ni kó o wúwo."

Ibẹ̀ ni Baba Ọdẹ́rìndé parí ìtàn rẹ̀ sí. Ìtànṣán oòrùn ti yí kúrò lójú ibi tó wà, ó ti bọ́ sí orí eékún rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìbọn.

Ìyá Àwẹ̀ró ti inú ilé jáde, àwo iyọ̀ kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ àti ìpọnbẹ̀.

"Ìyá wa," Bánjọ ní, ohùn rẹ̀ kò sì le bíi ti tẹ́lẹ̀, "ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ ìrì yẹn? Ṣé ẹ padà rántí?"

"N kò rántí nǹkan kan. Èyí tí mo fẹ́ nínú ẹrẹ̀ ni mo mọ̀." Ìyá wo ọkọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. "Àmọ́ ọmọbìnrin tí ọkọ mi máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, èyí tó kọ omi nítorí rẹ̀. Mo ń jowú rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni mo ti ń jowú ọmọ náà."

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ìyá bù díẹ̀ nínú ọbẹ̀, ó fẹ́ ooru rẹ̀ kúrò, ó gbé e sí Baba lẹ́nu.

"Ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?"

Baba pa ojú dé, ó tọ́ ọ wò. Ọbẹ̀ náà dùn, ó tó, kò sí ohun tó kù níbẹ̀.

"Ó ku díẹ̀," ó ní, bó ti máa ń sọ lójoojúmọ́, kí Ìyá lè tún bù ú sí i lẹ́nu.